Ohun Tí Àkójọ FESTAC 77 Ní í Sọ Nípa Sọ́ftíwíà Àtijọ́

Ní ọdún 1979, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń palẹ̀ mọ́ láti gbé àkóso lé àwọn alágbádá lọ́wọ́, ó ṣe òfin méjì tí nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn, tí ó sì yẹ ní gbígbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wò. Òfin 69 ni ó dá Centre for Black and African Arts and Civilization sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CBAAC, pé kí ó máa tọ́jú ìwé, fọ́tò, fíìmù, téèpù àti iṣẹ́ ọnà tí àjọ̀dún FESTAC 77 fi sílẹ̀. Òfin 70 ni ó dá ọ́fíìsì tí ó ń jẹ́ NOTAP lónìí sílẹ̀, pé kí ó máa forúkọ àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà bá bá ti òkèèrè ṣe lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, títí kan àdéhùn láísẹ́ǹsì sọ́ftíwíà tí ó wá pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Òfin àkọ́kọ́ ń pa ohun tí a ti ṣe mọ́, èkejì sì ń pa ìwé àdéhùn lórí ohun tí a rà mọ́. Sọ́ftíwíà fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó lè mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é, bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, nítorí kò sí nínú iṣẹ́ tí òfin yàn fún èyíkéyìí nínú wọn pé kí ó gba ẹ̀dà kan sí ìkáwọ́ fún àwọn tí yóò nílò rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó tà á bá ti kógbá sílé.

Ìlú Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ. Àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ wáyé ní Dakar ní ọdún 1966, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ ilé tí ó lé ní 5,000 sí ìlú tuntun náà kí àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 lè rí ibi dé sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn aráàlú nípa ìbò mímú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì jáde a gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, láti First Avenue títí dé Seventh Avenue. Báyìí ni ogún àjọ̀dún kan ṣoṣo ṣe pín sí ọ̀nà méjì: ilé di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àkójọ ìrántí kò sì di ti ẹnikẹ́ni. Ilé pípín kò burú, nítorí gbígbé ni ilé wà fún. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n mú ìbò lórí fíìmù àti téèpù náà pẹ̀lú, ẹni tó gbà wọ́n ì bá kó wọn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá tà wọ́n, tàbí kí ayálégbé tó kó wọlé lẹ́yìn wọn dà wọ́n sí ààtàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a lè pín àti ohun tí kò ṣeé pín yìí ni ọ̀rọ̀ sọ́ftíwíà àtijọ́ rọ̀ mọ́.

Àmì àjọ̀dún náà pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìbòjú eyín erin ti Ìyọba Idia, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní ọdún 1897, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, Nàìjíríà sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun lò fún àjọ̀dún náà, wọn kò gbà. Oníṣẹ́ ọnà ọmọ Bìní kan, Joseph Alufa Igbinovia, ni ó gbẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́pò. Ó ṣeé ṣe fún un láti gbẹ́ ẹ nítorí pé ojú lásán ń rí ìbòjú: ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò wo ojú, imú àti ìlà iwájú orí rẹ̀, yóò sì mọ ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Sọ́ftíwíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a gbà ń ní in. Èkínní ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe é fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà lè kà, kí ó sì tún un ṣe. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní kóòdù orísun. Èkejì ni èyí tí a ti yí padà sí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́, èyí sì ni wọ́n ń tà fún oníbàárà. Ẹni tó ra ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lè lò ó fún 20 ọdún láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó ṣe é bá sì kú, tí ó bá ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó bá kàn pinnu pé òun kò ṣe é mọ́, kò sí agbẹ́nà kankan ní Bìní tó lè gbẹ́ irú rẹ̀.

Ohun tó ń pa sọ́ftíwíà kò nira láti lóye. Ẹ̀rọ tó ń gbé e ṣiṣẹ́ a gbó, wọn a sì dẹ́kun ṣíṣe ohun èlò rẹ̀. Dísíìkì tí a kọ ọ́ sí a bu. Ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà a kọ̀ láti gbà á wọlé. Àwọn wọ̀nyí ní oògùn, nítorí pé àwọn ọlọ́gbọ́n ti ṣe sọ́ftíwíà míràn tí ń ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ nínú ẹ̀rọ tuntun, débi pé géèmù tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ọdún 1985 lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù òní. Ohun tí kò ní oògùn ní ilé ìwádìí ni títì tí òfin àti láísẹ́ǹsì tì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹni tó san owó sọ́ftíwíà kì í sábà rà á. Àyè láti lò ó ni ó rà, lábẹ́ àdéhùn tí ẹni tó tà á nìkan kọ, a sì lè gba àyè náà padà.

Àpẹẹrẹ tó dun ni jù fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ènìyàn dúdú ni ti Encarta Africana. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ti ń lá àlá ìwé ìmọ̀ gbogbo nípa adúláwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì kó lọ sí Gánà ní ọdún 1961, lórí ìpè Kwame Nkrumah, kí ó lè ṣe é níbẹ̀. Accra ni ó kú sí ní ọdún 1963 láì parí rẹ̀. Henry Louis Gates àti Kwame Anthony Appiah ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà dìde, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, Microsoft gbé e jáde lórí síídì, pẹ̀lú fíìmù, orin, àwòrán ilẹ̀ àti ohùn ènìyàn nínú, wọ́n sì tún tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún kan náà. Lẹ́yìn 10 ọdún, ní 2009, Microsoft kéde pé òun ń pa gbogbo iṣẹ́ Encarta tì, nítorí àwọn ènìyàn ti ń rí ìmọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, nítorí tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ilé ìkàwé yunifásítì lónìí lè ṣí ìwé náà ojú ẹsẹ̀, nígbà tí síídì rẹ̀, tí a ṣe fún Windows ìgbà náà, jẹ́ ìjàkadì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Nínú ohun méjì tí wọ́n fi ìmọ̀ kan náà ṣe, bébà ni ó ní àwọn ilé ìkàwé tó ń ṣọ́ ọ, ìyẹn ni ó sì fi wà láàyè ju ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti jìyà irú èyí. Kí Unicode, ìyẹn ètò àgbáyé tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó gbilẹ̀, kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá a ya fọ́ǹtì tiwọn, fọ́ǹtì sì ni sọ́ftíwíà kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Wọn a mú ipò àmì kan tí wọn kò lò, wọn a sì ya lẹ́tà Yorùbá sí i. Bí ayàfọ́ǹtì kan bá fi ẹ sí ipò @, ọ̀rọ̀ náà “ẹyẹ” wà nínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí “@y@”, ojú fọ́ǹtì yẹn nìkan ni yóò sì ti hàn bí ẹyẹ. Ayàfọ́ǹtì kejì lè ti mú ipò míràn, tí kò sì bá ti èkínní mu rárá. Nítorí náà, ìwé ìròyìn, ìwé àdúrà, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìwádìí gboyè tí wọ́n tẹ̀ lọ́nà yìí ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 wà lónìí nínú dísíìkì tó lè ṣí, ṣùgbọ́n tí ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àmì lásán fún ẹni tí kò ní fọ́ǹtì náà. Fọ́ǹtì sì nìyí, ọjà ẹnì kan ni, tí ó tà á fún ilé ìtẹ̀wé mélòó kan tí kò sì fi ẹ̀dà sí ibì kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba fáìlì àtijọ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé mọ̀ pé títẹ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ Yorùbá tún dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Lagos Analysis Corporation, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé àjọ One Laptop per Child lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, ó ní wọ́n jí ìmọ̀ kíbọ́ọ̀dù Konyin tí òun ṣe fún àwọn èdè Nàìjíríà lò nínú kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fẹ́ pín fún ọmọ ilé ìwé, ó sì béèrè fún 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó lo ọgbọ́n orí rẹ̀ láti rí i pé Yorùbá ṣeé tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè rẹ̀, kò sí awuyewuye nínú ìyẹn. Ibi tí ọkàn kò ti balẹ̀ ni pé bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo láìsí ẹ̀dà ní ilé ìpamọ́ gbogbo ènìyàn, ọjọ́ tí òwò náà bá kú, ọgbọ́n náà bá a lọ ni.

Ó yẹ kí a yà díẹ̀ síbi ìtàn Festac ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nígbà tí sáíbà kaféè kún ojú pópó ìlú náà tí orúkọ rẹ̀ sì bàjẹ́ káàkiri nítorí àwọn ọmọ Yahoo, ìyẹn àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn jìbìtì bo ìtàn míràn mọ́lẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, síídì sọ́ftíwíà tí wọ́n ń lò kò sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ọjà àdàkọ tí Alaba ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ àti Computer Village ní Ìkẹjà kún fún ni. Olè ni àdàkọ yẹn lójú òfin, òun sì ni lójú ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó jẹ́ ohun ìtìjú fún àwọn tó ń ṣe òfin pé sọ́ftíwíà tí ẹni tó ni ín ti pa tì, inú dúrọ́ọ̀ ẹni tó dà á kọ láìgbàṣẹ ni a ti máa ń rí i, nígbà tí ilé ìkàwé tó bọ̀wọ̀ fún òfin kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ fi ìrántí rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tí ó ń lé kiri.

Ní ìlú òyìnbó pàápàá, àkójọ tí gbogbo ènìyàn ń lò ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò rí. Simtel jẹ́ àkójọ sọ́ftíwíà ọ̀fẹ́ ńlá kan tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní White Sands, tí àwọn olùyọ̀ǹda ń tọ́jú láì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Walnut Creek CDROM gbà á tọ́, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Digital River, ẹni yìí sì tì í pa ní oṣù kẹta ọdún 2013. Àwọn tó fi sọ́ftíwíà wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ohùn nínú rẹ̀. Hobbes náà, tí ó jẹ́ àkójọ sọ́ftíwíà fún OS/2, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà ti IBM tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ATM báǹkì àgbáyé lò rí, wà lábẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New Mexico fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yunifásítì náà fi kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé òun yóò pa á, ó sì pa á ní oṣù kẹrin. Ohun tó gba Hobbes là ni pé wọ́n kéde ṣáájú, àwọn ènìyàn sì sáré ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Internet Archive wà lára wọn. A rí i nínú èyí pé ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn pàápàá lè pa ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tì, àti pé ẹ̀dà tó wà níbi púpọ̀ ni ààbò kan ṣoṣo.

Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 1996, ni ilé ìpamọ́ irú èyí tó gbajúmọ̀ jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́ftíwíà àtijọ́ ni ènìyàn sì lè lò nínú rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2020 lórí ìwé tí ó ń yá ènìyàn, wọ́n borí ní 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì já wọ inú rẹ̀, ó sì di títì fún ìgbà díẹ̀. Ilé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn, ní orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn, lábẹ́ òfin ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní Inria bẹ̀rẹ̀ Software Heritage ní 2016 láti máa kó kóòdù orísun jọ, UNESCO sì bá a ṣe àdéhùn ní 2017. Ìyẹn sún mọ́ ohun tí òfin 69 ṣe fún FESTAC 77, nítorí owó ìjọba wà nídìí rẹ̀, àdéhùn àgbáyé sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin Nàìjíríà kò dá sí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sọ́ftíwíà tó. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka sọ́ftíwíà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, ó sì fún ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́ ní àyè láti ṣe ẹ̀dà fún ìpamọ́, èyí tó yẹ fún ìyìn. Ẹ̀wẹ̀, òfin kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já títì tí oníṣòwò fi sára iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sọ́ftíwíà kì í ṣeé ṣe ẹ̀dà láìjá títì yẹn. Ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí iṣẹ́ tí ó gbé jáde ń bẹ fún 70 ọdún: sọ́ftíwíà tí ilé-iṣẹ́ kan gbé jáde ní 1995 yóò wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òpin ọdún 2065, dísíìkì flọ́pì tí wọ́n tà á lórí rẹ̀ kò sì ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin National Library ti 1970 pa á láṣẹ pé kí òǹtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo ìwé tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìwé ni ó wà lọ́kàn àwọn tó kọ òfin náà, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Amẹ́ríkà, tí ó le koko lórí ẹ̀tọ́ onínǹkan, fún ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́ ní àyè ní ọdún 2018 láti já títì sọ́ftíwíà tí a kò tà mọ́ kí wọ́n lè pa á mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2024 ó kọ̀ kí àwọn olùwádìí máa lo géèmù àtijọ́ láti ilé wọn.

Àwọn tó ń ta sọ́ftíwíà a máa sọ pé bí iṣẹ́ àwọn bá wà ní ilé ìpamọ́, òwò àwọn yóò bàjẹ́. Ohun tí Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe já ọ̀rọ̀ náà ní koro. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ó gbà kí Computer History Museum ní California gbé kóòdù orísun MS-DOS ti ìbẹ̀rẹ̀, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á, ó sì gbé ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Ilé-iṣẹ́ náà kò pàdánù nǹkan kan, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jèrè. Fún sọ́ftíwíà tó ṣì ń pa owó wọlé, ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣòwò ń lò láàárín ara wọn, ìyẹn ni fífi kóòdù orísun sọ́wọ́ ẹnì kẹta tí kò ní yọ ọ́ jáde àfi bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé tàbí tí ó bá kọ̀ láti tún un ṣe. Bí báǹkì bá lè béèrè irú ààbò yìí fún ara rẹ̀, ìjọba tó ń fi owó aráàlú ra sọ́ftíwíà láti fi ka ìdìbò, gba owó orí tàbí kọ orúkọ ilẹ̀ kò ní àwáwí kankan tí kò fi ní béèrè rẹ̀. NOTAP, tí àdéhùn náà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, lè sọ ọ́ di ọ̀kan lára ohun tí yóò máa béèrè kí ó tó forúkọ àdéhùn sílẹ̀, kí National Library tàbí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-èdè tó wà ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna sì jẹ́ ẹnì kẹta náà.

CBAAC ní tirẹ̀ ti pa àkójọ FESTAC 77 mọ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, nínú owó tí kò tó àti ẹ̀rọ tó ń gbó, èyí tó fi hàn pé ìpamọ́ gbogbo ènìyàn ṣeé ṣe ní Nàìjíríà nígbà tí òfin bá sọ pé dandan ni. Nítorí náà, kí ilé ìtẹ̀wé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ tàbí òǹkọ̀wé tó bá ṣì ní fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tàbí dísíìkì sọ́ftíwíà tí ọmọ Nàìjíríà ṣe má ṣe jù ú nù. Kí ó kọ orúkọ, ọdún àti ẹni tó ṣe é sí i lára, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ ọn. Kí àwọn aráàlú Festac àti gbogbo Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin sì sọ fún aṣojú wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá pé àtúnṣe òfin National Library, tí yóò ka sọ́ftíwíà mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ti pẹ́ jù.